Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Fèrèsé Gíráàfù Nínú R

Èmi náà ni, olóòtú yín. Bóyá inú bọ́ọ̀sì lẹ wà, bóyá ẹ ń dúró de iná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tòní kéré lójú, àmọ́ iṣẹ́ tó ti bà jẹ́ kì í ṣe kékeré.

Gíráàfù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ mọ̀ ọ́n: àwòrán tó ní ìlà kan nísàlẹ̀, tó ní òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí nǹkan kan wá ń gòkè tàbí ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín wọn. Ó lè jẹ́ iye owó epo, ó lè jẹ́ òjò tó rọ̀, ó lè jẹ́ iye ọmọ tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ṣí, àmọ́ ẹ ò rí nǹkan kan kà. Lẹ́tà rí bí ẹsẹ̀ èèrà. Ẹ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ó fẹ̀, ó sì ṣe bàìbàì. Ẹ bá kọjá lọ síbi ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni tó ya àwòrán yẹn lè ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó iye inú rẹ̀ jọ. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ òótọ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ yín.

Kí ló fà á? Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ìṣirò ló burú, kì í sì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìwọ̀n fèrèsé tí wọ́n ya àwòrán náà sí ni. Ohun tí a máa tú wò lónìí nìyẹn: bí a ṣe ń fún gíráàfù ní ìbú àti gíga tó yẹ ẹ́ nínú R.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ orúkọ yìí rí, R jẹ́ èdè kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò dátà. Dátà tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí à ń rà sórí fóònù o. Iye àti àkọsílẹ̀ ni mò ń sọ. Ross Ihaka àti Robert Gentleman ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Auckland, nílẹ̀ New Zealand, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Orúkọ àwọn méjèèjì, R ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀dà 1.0.0 jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2000. Ọ̀fẹ́ ni, kọ́bọ̀ kan ò ní jáde lápò yín, ìdí sì nìyẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, oníròyìn àti òṣìṣẹ́ ìlera fi ń lò ó káàkiri ayé. RStudio ni ilé tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń bá R ṣiṣẹ́: ibi kan wà fún kíkọ kóòdù, ibi kan wà fún èsì, igun kan sì wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún tí àwòrán ti ń jáde. Èmi kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò. Ohùn àti àwòrán ni iṣẹ́ mi. Àmọ́ gíráàfù tí ẹ ń rí lójú ìwé wa, R ni mo fi ń yà á.

Àbúrò wa kan tó ń gbọ́ ètò yìí ló jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi níjọ́sí. Ó wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì, ọjọ́ mẹ́ta péré ló sì kù kó kó purojẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀. Òjò ló ṣiṣẹ́ lé lórí, bó ṣe ń rọ̀ nílùú wọn láti ọdún dé ọdún. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ dá a padà. Gíráàfù mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, báírò pupa sì yí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ká: bàbá náà kò rí wọn kà. Ohùn ọmọ náà ti ń gbọ̀n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Mo ti fa fèrèsé yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ ń ro mí. Bí mo bá sọ ọ́ di ńlá, lẹ́tà á kéré. Bí mo bá sọ ọ́ di kékeré, R á ní kò gba ààyè." Mo ní, "Àbúrò mi, fi máòsì yẹn sílẹ̀ ná. Ọwọ́ kọ́ la fi ń wọn aṣọ, téèpù ni."

Ohun tí mo sọ fún un lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà.

Nínú R, ohunkóhun tí àwòrán bá lè jókòó lé ni wọ́n ń pè ní device. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìwé ìyàwòrán. Fèrèsé tó yọ sójú kọ̀ǹpútà, ìwé ìyàwòrán ni. Fáìlì PNG, ìwé ìyàwòrán ni. Fáìlì PDF náà, bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo wọn pátá ló ní ìbú àti gíga kí R tó fa ìlà àkọ́kọ́ sí wọn lára. Tí ẹ kò bá sọ ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, R máa bá yín yan tirẹ̀: PDF á jẹ́ íǹṣì 7 sí íǹṣì 7, PNG á jẹ́ píksẹ́lì 480 sí 480. Ìbú àti gíga dọ́gba nínú méjèèjì, bí ègé búrẹ́dì. Ó dà bí ẹni tó gbé aṣọ fún télọ̀ tí kò jẹ́ kí télọ̀ wọn òun. Ohun tí télọ̀ bá rán ló máa wọ̀, ì báà fún un lọ́rùn.

Bí a ṣe ń sọ ìwọ̀n fún fèrèsé nìyí. Lórí Windows, àṣẹ tó ń ṣí i ni windows. Lórí Mac, quartz ni. Lórí Linux, x11 ni. Kí ẹ má bàa máa há gbogbo wọn sórí, àṣẹ kan wà tó ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, òun ló wà nísàlẹ̀ yìí:

dev.new(width = 6, height = 4)

Width ni ìbú, height ni gíga, íǹṣì ni R sì ń kà. Fèrèsé tuntun á yọ, íǹṣì 6 ní ìbú, íǹṣì 4 ní gíga. Gíráàfù tí ẹ bá yà lẹ́yìn ìyẹn, inú rẹ̀ ló máa bọ́ sí.

Àmọ́ inú RStudio, ẹ lè kọ àṣẹ yìí kí nǹkan kan má yí padà. Ẹ má bínú sí ara yín. Igun tí RStudio ti ń fi àwòrán hàn kì í gba àṣẹ ìbú àti gíga. Bí ẹ bá ṣe fà á sí ni ìwọ̀n rẹ̀ ṣe máa rí. Tí ẹ bá fẹ́ fèrèsé gidi tó máa jáde síta tó sì máa gba ìwọ̀n, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan kún un:

dev.new(width = 6, height = 4, noRStudioGD = TRUE)

Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ ìwọ̀n fèrèsé tó wà níwájú yín, ẹ bi í léèrè: ẹ kọ dev.size(), á fún yín ní iye méjì ní íǹṣì, ìbú lákọ̀ọ́kọ́, gíga tẹ̀ lé e. Bí fèrèsé bá ti pọ̀ jù lójú kọ̀ǹpútà yín, graphics.off() á pa gbogbo wọn dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa, nítorí òun ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Tí ẹ bá fi máòsì fa fèrèsé kó lè fẹ̀, R á tún àwòrán náà yà. Ìlà á gùn sí i, ààyè á pọ̀ sí i. Àmọ́ lẹ́tà kì í dàgbà. Ìwọ̀n tó ní tẹ́lẹ̀ náà ló máa ní. Nígbà tí ẹ bá wá ya screenshot rẹ̀, tí ẹ fi ránṣẹ́, fóònù á fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó lè gba ojú rẹ̀, lẹ́tà á sì bá wọn fún pọ̀. Bí fèrèsé bá ṣe tóbi tó lójú kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà á ṣe kéré tó lójú fóònù. Ẹni tó bá fẹ́ kí lẹ́tà òun tóbi, fèrèsé kékeré ni kó ṣí. Ibi tí àbúrò wa ti ń jìyà gan-an nìyẹn: bí wọ́n bá ní àwọn ò rí i kà, á tún fà á fẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká fi iye sí i kó lè yé wa. Lẹ́tà nínú R sábà máa ń jẹ́ póíǹtì 12. Póíǹtì 72 ló wà nínú íǹṣì kan, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́fà íǹṣì ni lẹ́tà kan ń gbà. Píksẹ́lì ni àwọn ojú àmì tíńtínní tó para pọ̀ di àwòrán lójú fóònù. Iye píksẹ́lì tí R máa kó sínú íǹṣì kan ni wọ́n ń pè ní res.

Ká ní ẹ fẹ́ àwòrán tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 1080, tó sì ga ní 1350, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò fún àwòrán òòró lórí Instagram. Tí ẹ kò bá sọ res fún PNG, R á fi 72 ṣe é. Ẹ fi 72 pín 1080, ẹ máa rí 15. R á gbà pé ìwé tó fẹ̀ ní íǹṣì 15 lẹ gbé fún òun, lẹ́tà á sì gba píksẹ́lì 12 péré nínú 1080. Lójú fóònù tó fẹ̀ ní nǹkan bí íǹṣì 2.7, lẹ́tà yẹn kò ní tó mìlímítà 1. Ẹsẹ̀ èèrà dé nìyẹn.

Ẹ wá sọ res di 300. Píksẹ́lì ò yí padà, 1080 sí 1350 náà ni. Àmọ́ ìwé ti di íǹṣì 3.6 sí íǹṣì 4.5, lẹ́tà sì ti ń gba píksẹ́lì 50. Lójú fóònù kan náà, ó ti lé ní mìlímítà 3. Fóònù ò tóbi sí i, àwòrán ò fẹ̀ sí i, ìyá àgbà á sì kà á láìfi awò sójú. Tí ẹ bá rí i pé lẹ́tà ti wá tóbi jù, ẹ sọ res di 200. Ẹ máa rí ìwọ̀n tó wà láàárín.

Bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

png("nile.png", width = 1080, height = 1350, res = 300)
plot(Nile)
dev.off()

Ìlà àkọ́kọ́ ṣí ìwé ìyàwòrán, èkejì ya àwòrán sí i, ẹ̀kẹta ti ilẹ̀kùn. Ẹ má gbàgbé ìlẹ̀kùn yẹn o. Tí ẹ kò bá kọ dev.off(), fáìlì náà kò tíì parí, ẹ lè ṣí i kí ẹ má rí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ̀yin tó jẹ́ ggplot2 lẹ ń lò, irinṣẹ́ tí Hadley Wickham ṣe, ggsave ni àṣẹ tiyín. Tí ẹ bá sọ fún un pé width jẹ́ 3.6, height jẹ́ 4.5, dpi jẹ́ 300, ìwọ̀n kan náà lẹ máa rí, píksẹ́lì 1080 sí 1350. Nǹkan méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Àkọ́kọ́, íǹṣì ni ggsave ń kà tí ẹ kò bá sọ nǹkan míì. Tí ẹ bá kọ 1080 lásán, ìwé tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 90 lẹ ń bèèrè. Aṣọ bẹ́ẹ̀ ò sí ní Balógun. Ó máa dá yín dúró, torí bí ìwọ̀n bá ti kọjá íǹṣì 50, ó gbà pé ẹ ti ṣi íǹṣì mú fún píksẹ́lì. Ìkejì ló ṣòro jù láti rí: tí ẹ kò bá sọ ìbú àti gíga rárá, ìwọ̀n fèrèsé tó wà ní ṣíṣí lọ́wọ́ ni ggsave máa lò. Igun RStudio tí ẹ fi máòsì fà láàárọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ fà lálẹ́. Kóòdù kan náà, àwòrán méjì tí ìwọ̀n wọn ò dọ́gba.

Nígbà tí àbúrò wa fi gíráàfù mẹ́fà yẹn ránṣẹ́ sí mi, kò sí méjì tó ní ìwọ̀n kan náà. Ìwé A4 ni wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ sí, nítorí náà fóònù kọ́ la wọ̀n fún, ìwé la wọ̀n fún. A4 fẹ̀ díẹ̀ ju íǹṣì 8 lọ. Ẹ yọ íǹṣì kan lápá òsì, ẹ yọ íǹṣì kan lápá ọ̀tún, ó ku 6 àti díẹ̀. A fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní íǹṣì 6 sí íǹṣì 4, dpi 300, ó sì kọ ọ́ sínú kóòdù kí máòsì má bàa ní ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Mo ní kó tẹ ojú ìwé kan ṣoṣo jáde ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kó tó tẹ gbogbo rẹ̀, kó gbé e dání bí bàbá náà ṣe máa gbé e dání, kó kà á. Ó kà á. Ó kó iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, òjò ni olùkọ́ rẹ̀ bi í léèrè, kì í ṣe lẹ́tà.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ibi tí àwòrán máa gbé là ń wò ká tó fún un ní ìwọ̀n.

Àmọ́ lẹ́tà tó ṣeé kà nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ìrísí fèrèsé, bí ìbú rẹ̀ ṣe rí sí gíga rẹ̀, ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kódà tí ẹ kò bá rán an níṣẹ́. Ẹ wo àkọsílẹ̀ Nile tí mo dárúkọ nínú kóòdù yẹn. Inú R ló wà, ẹ ò ní wá a káàkiri. Ìwọ̀n omi tó ń gba odò Nile kọjá ní Aswan, nílẹ̀ Íjíbítì, ni, lọ́dọọdún láti 1871 títí dé 1970. Ẹyọ kan nínú iye náà dúró fún mítà kúbíìkì mílíọ̀nù 100. Ní 1879, ó tó 1370. Ní 1913, ó wálẹ̀ dé 456. Ní nǹkan bí ọdún 1898 ni nǹkan yí padà: omi tó ń kọjá lẹ́yìn ìgbà náà kò pọ̀ tó ti àtẹ̀yìnwá mọ́.

Ẹ ya á sínú fèrèsé tó fẹ̀ ní íǹṣì 10, tó ga ní íǹṣì 2. Ẹ máa rí odò tó ń rọra mì, bí ẹni tó ń tòògbé. Ẹni tó bá wò ó á ní kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ẹ wá ya iye kan náà sínú fèrèsé tó fẹ̀ ní íǹṣì 3, tó ga ní íǹṣì 7. Ojú ibi kan náà ti di ọ̀gbun. Ẹni tó bá wò ó á ní omi ti fẹ́ tán lódò. Iye ọgọ́rùn-ún kan náà ni, a ò fi ẹyọ kan kún un, a ò yọ ẹyọ kan. Kò sẹ́ni tó purọ́, àmọ́ èèyàn méjì ti gbọ́ ìtàn méjì.

Ẹ fi èyí ro iye owó oúnjẹ, ẹ fi ro iye àìsàn, ẹ fi ro gbogbo gíráàfù tí wọ́n ń pín kiri nígbà ìdìbò. Ẹni tó fẹ́ dẹ́rù bà yín, fèrèsé tóóró tó ga ni á lò. Ẹni tó fẹ́ kí ẹ sùn, á lo èyí tó fẹ̀ tó sì kúrú. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìwọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán.

William Cleveland, onímọ̀ ìṣirò tó ṣiṣẹ́ ní Bell Labs nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí èyí, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 1988. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí a yan ìbú àti gíga tó máa jẹ́ kí àwọn ìlà dagun ní nǹkan bíi dígírì 45, kí wọ́n má dùbúlẹ̀ jù, kí wọ́n má sì dúró ṣánṣán jù. Ibẹ̀ ni ojú èèyàn ti ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ìgòkè kan àti òmíràn jù lọ. Àpẹẹrẹ tí Cleveland fẹ́ràn ni ti àwọn àmì dúdú tó máa ń yọ lójú oòrùn. Ó wà nínú R náà, sunspot.year ni wọ́n ń pè é, láti 1700 dé 1988. Nínú fèrèsé onígun mẹ́rin tó dọ́gba, ó rí bí ọgbà tí wọ́n fi igi ṣe, igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Ẹ wá ṣí fèrèsé tó fẹ̀ dáadáa tó sì kúrú, ẹ máa rí ohun tó fara pa mọ́: àwọn àmì náà ń yára pọ̀ sí i, wọ́n sì ń rọra dín kù. Ìṣirò kankan ò ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì. Fèrèsé nìkan ló yí padà.

Ẹnì kan á wá bi mí pé, olóòtú, báwo ni àwòrán gbọọrọ bẹ́ẹ̀ ṣe máa gba ojú fóònù? Ìbéèrè gidi ni. Ẹ lè gé e sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ẹ tò wọ́n lórí ara wọn. Àṣẹ par(mfrow = c(3, 1)) ló ń ṣe é: ìlà mẹ́ta, òpó kan. Àmọ́ kí ẹ mọ̀ pé bí àwòrán bá ti pé mẹ́ta lórí ara wọn, R á dín lẹ́tà kù sí ìdá 0.66 fúnra rẹ̀. Póíǹtì 12 á di nǹkan bí 8. Ẹ wò ó lójú fóònù kí ẹ tó fi síta.

Ibẹ̀ náà ni ẹ ti lè pàdé lẹ́tà pupa kan tó ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nídìí R: figure margins too large. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé etí ìwé ti gba gbogbo ìwé. R máa ń fi ààyè sílẹ̀ ní etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún àkọlé àti iye. Tí ẹ kò bá yí i padà, tòkè tìsàlẹ̀ jẹ́ íǹṣì 1.84, tọ̀tún tòsì jẹ́ 1.24. Bí igun RStudio yín kò bá ga tó íǹṣì 2, kí ló fẹ́ kù fún àwòrán? Ohun tí àbúrò wa ń pè ní "kò gba ààyè" nìyẹn. Ẹ fa igun náà sókè díẹ̀, tàbí kí ẹ dín etí kù, fún àpẹẹrẹ par(mar = c(4, 4, 1, 1)). Nọ́ńbà mẹ́rin yẹn dúró fún ìsàlẹ̀, òsì, òkè àti ọ̀tún, bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní láptọ́ọ̀pù, tó jẹ́ pé orí fóònù lẹ ti ń ṣí Posit Cloud, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, torí igun àwòrán yín kéré gan-an. Ẹ má bá igun yẹn jà. Ẹ kọ png pẹ̀lú ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, ẹ ya àwòrán, ẹ kọ dev.off(), kí ẹ wá ṣí fáìlì náà. Fáìlì kì í bèèrè bí fóònù yín ṣe tóbi tó. Ìwọ̀n tí ẹ bá kọ fún un ló máa lò.

Ọ̀rọ̀ kan tó kù ni ti WhatsApp. Tí ẹ bá fi àwòrán ránṣẹ́ bíi fọ́tò, WhatsApp máa ń fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́, lẹ́tà wẹ́wẹ́ ló sì máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Tí ó bá jẹ́ pé gbogbo píksẹ́lì ló ṣe pàtàkì, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document. Á dé bó ṣe kúrò lọ́wọ́ yín. Àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní ṣí document, fọ́tò ni wọ́n máa wò. Nítorí náà, ẹ ya á kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó láti là á já.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín rèé. Ẹ ya Nile lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan gbọọrọ, ọ̀kan tóóró. Ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ kan, ẹ fi èkejì ránṣẹ́ sí òmíràn, ẹ má sọ ohunkóhun fún wọn. Ẹ kàn bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí odò yìí. Ẹ kọ èsì wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ wá sọ fún mi èwo lẹ máa fi síta tó bá jẹ́ pé ìlú yín ló ń mu omi odò náà, àti ìdí tí ẹ fi yàn án. Mo máa ka díẹ̀ nínú èsì yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ wọn ìtẹ́ kí ẹ tó gbé eku sí i. Ó dìgbà kan ná, ẹ̀yin èèyàn mi. Ire o.